Àkùkọ Tí Sylvanus Gé Wẹ́wẹ́

Láti ẹnu ọ̀nà Àkúrẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà Ìfọ́n ní ìlú Ọ̀wọ̀, kò sí ọkùnrin tó mọ adìẹ dín tó Sylvanus Ògúnyẹmí láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, ìyẹn nígbà tí òyìnbó ṣì ń tún títì tó lọ sí Bìní ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Bí Sylvanus bá ń gé àlùbọ́sà, ọ̀bẹ rẹ̀ a máa dún bí òjò lórí páànù, yóò sì ti gé e tán kí àlùbọ́sà tó rántí pé iṣẹ́ òun ni láti máa ta èèyàn lójú. Ọjọ́ kan wà tí òórùn adìẹ rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde, tí akọ̀wé ìjọba méjì fi kálámù sílẹ̀, tí wọ́n ń tọ òórùn náà gun òkè bí ajá ọdẹ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n tó rántí pé iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe nílé ayé.

Òyìnbó tó ń sè fún, ẹni gíga kan báyìí ni, àwọn ará ìlú ń pè é ní Ọ̀pẹ-ń-rìn. Ilé àlejò ìjọba lórí òkè ló ń gbé. Ọdún mọ́kànlá ni Sylvanus ti fi ṣe kúùkù rẹ̀. Oúnjẹ tí Ọ̀pẹ-ń-rìn fẹ́ràn jù kò ṣòro: adìẹ tí a gé wẹ́wẹ́, karọ́ọ̀tì, kábéèjì, àlùbọ́sà àti ewébẹ̀ tútù, tí a yí po nínú òróró díẹ̀ lórí iná tó ń jó fòò, tí a sì sọ̀ kalẹ̀ kí ewébẹ̀ tó rọ. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju àkókò tí èèyàn fi lè ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Àdúrà yẹn gan-an ni Sylvanus fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí kò ní aago.

Ṣùgbọ́n nínú ọdún mọ́kànlá yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ìkòkò rí nínú ilé ara rẹ̀. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, a bọ́ aṣọ funfun, a jókòó, a na ẹsẹ̀, a sì máa retí kí Theresa ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Ó ní iṣẹ́ ìjọba ni òun ń ṣe lórí òkè, òun kì í ṣe obìnrin nílé.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Ibà dá Theresa wó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí ẹní tó ń gbọ̀n. Ní ọjọ́ kejì ibà náà ni ọ̀fìnkìn mú Ọ̀pẹ-ń-rìn. Ọ̀fìnkìn lásán! Sylvanus pa adìẹ, ó se omi ọbẹ̀ rẹ̀ tó mọ́ gaara, ó gbé e tọ òyìnbó lọ lórí ibùsùn, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Nígbà tó padà délé, Theresa ní, “Bàbá Monica, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀.”

“Èmi?” ni Sylvanus wí. “Kí wọ́n rí mi nídìí ààrò?”

Ó jáde lọ jókòó síta. Ebi ń pa òun náà. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí Àbẹ̀ẹ́bí alákàrà, ìyá Jìbírílù, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn níyà, fi gbọ́ tí Theresa ń kérora, tó sì bá wọn gbé ẹ̀kọ wọlé. Kó tó dé ẹnu aláìsàn, ẹ̀kọ náà ti tutù.

Theresa mu ún bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó di ẹrù rẹ̀, ó mú Monica ọmọ wọn lọ́wọ́, ó wọ lọ́rì, ó di Ìdóàní, ilé bàbá rẹ̀. Odó nìkan ló fi sílẹ̀, nítorí lọ́rì ti kún lọ́jọ́ náà. Odó yẹn kì í ṣe odó kan lásán. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló gbé e fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí odó náà bá ṣì wà nílé Sylvanus, ìyàwó ṣì wà. Bí odó bá kúrò nílé, ó parí.

Oṣù kan kọjá, ó wọ ọ̀sẹ̀ kejì lé e. Sylvanus ránṣẹ́ títí, kò gbọ́ èsì, àfi lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan tí Kàsúmù, awakọ̀ lọ́rì tó ń ná ọ̀nà Ìdóàní, dúró lójú títì, tó yọ orí síta.

“Kúùkù! Ìyàwó yín rán mi sí yín o!”

Sylvanus sáré lọ bá a. “Rọra sọ ọ́, Kàsúmù.”

“Ó ní kí n má rọra sọ ọ́ ni!” Kàsúmù tún ohùn gbé sókè. “Ó ní òun àti bàbá òun ń bọ̀ ní Sátidé. Ó ní ohun tí ẹ máa ń sè fún òyìnbó, ẹ sè é fún òun, pẹ̀lú ọwọ́ ara yín, ní àgbàlá, lójú ọ̀sán, kí gbogbo ayé rí yín! Ó ní bí òun bá bá obìnrin kankan nídìí iná yín, odó òun lòun máa gbé. Ó ní kí ẹ tilẹ̀ fi okùn dì í sílẹ̀, kó má baà dá mi dúró.”

Ó fọn fèrè lọ́rì, ó lọ. Kò sí ilé kan ládùúgbò náà tí kò gbọ́.

Hàmídù tó ń tọ́jú ọgbà ilé àlejò ló tọrọ karọ́ọ̀tì mẹ́fà àti kábéèjì kan lọ́wọ́ òyìnbó fún un. “Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé èmi ni mo bu omi rin wọ́n o,” ni Hàmídù wí. “Bí ìyàwó bá padà, ẹ rántí mi. Bí kò bá padà, mi ò mọ nǹkan kan nípa karọ́ọ̀tì.”

Ní Sátidé náà, kí oòrùn tó yọ, Sylvanus ti gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì. Ó to igi ìdáná, ó tú u ká, ó tún un tò. Ó lọ wo odó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó dì í sí gẹ́gẹ́ bí Theresa ti wí. Ó jáde. Ó tún padà lọ wò ó, bíi pé odó lè dìde kó máa rìn lọ. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀yìn ògiri lọ sọ́dọ̀ Àbẹ̀ẹ́bí láti yá agbada tó fi ń dín àkàrà.

“Kúùkù ìjọba!” ni Àbẹ̀ẹ́bí ké. “Ṣé ẹ ò ní agbada ni?”

“Ti ìjọba ló wà lókè. Ìyá Jìbírílù, jọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀.”

“Agbada mi ni mò ń bẹ̀rù fún. Àkàrà nìkan ló mọ̀. Bí àkàrà mi bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ bí àkùkọ lọ́la, ta ni n ó mú?”

“Èmi ni kí o mú.”

“Kí n wá bá yín dáná? Èéfín á bá yín jà o.”

“Má sún mọ́ ọn! Má fọwọ́ kan igi kan! Bí Theresa bá gbọ́ òórùn èéfín lára rẹ, mo gbé!”

Àbẹ̀ẹ́bí rẹ́rìn-ín títí ó fi mú ògiri dání. “Ó dáa. N ó kàn jókòó máa wòran.” Òun nìkan kọ́ ló sì jókòó. Kí ìrì tó gbẹ, obìnrin méje ló ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, olúkúlùkù pẹ̀lú abọ́ lórí itan, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀.

Sylvanus pa àkùkọ. Àkùkọ ọ̀hún ga tó ọmọ àgùntàn, ó sì ti lé ajá mẹ́ta kúrò ládùúgbò nígbà ayé rẹ̀. Adìẹ kékeré tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀ ni wọ́n máa ń pa fún Ọ̀pẹ-ń-rìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò pa irú ìyẹn fún bàbá ìyàwó tó ń bínú? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹran àkùkọ tó gbó le bí awọ bàtà. Sylvanus mọ ohun tí a ń ṣe sí i. Ó yọ ẹran kúrò lára egungun, ó ń gé e ní ìdábùú, tínrín tínrín, débi pé bí ó bá gbé ọ̀kan sókè, ó lè rí oòrùn lódìkejì rẹ̀. Ó fi iyọ̀, atalẹ̀ àti òróró díẹ̀ pa á lára kí ó lè rọ̀.

Ọwọ́ ló ń gé o, ọkàn kò sí níbẹ̀. Etí rẹ̀ wà lójú títì. Ọkọ̀ kan dún, ó sáré jáde tòun tọ̀bẹ. Lọ́rì pákó ni. Ó padà, ó gé díẹ̀. Òmíràn dún, ó tún sáré jáde. Lọ́rì kòkó ni, ó sì da eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní láti lọ fọ ọwọ́, fọ ojú, kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn, Kúùkù!” ni àwọn obìnrin ń kà á fún un. “Ẹ̀ẹ̀karùn-ún!”

Ọwọ́ tó ti gé adìẹ fún ọdún mọ́kànlá kò nílò ẹni tó ni ín mọ́. Ohunkóhun tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wẹ́wẹ́ ló ń sọ ọ́ dà.

Ó gé karọ́ọ̀tì bí igi ìṣáná. Ó gé kábéèjì bí okùn ìránṣọ. Ó gé àlùbọ́sà àti tàtàṣé pupa, ó já ewé ṣọkọ lẹ́yìnkùlé, ó fọ̀ ọ́, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù. Ó tò wọ́n sí abọ́ márùn-ún, ó fi àwo bo ìkọ̀ọ̀kan. Ó se ìrẹsì. Lẹ́yìn náà, kò kù mọ́ ohun tó lè ṣe.

Ìyà tó wà nínú oúnjẹ náà nìyẹn. Gígé rẹ̀ ló ń pẹ́, sísè rẹ̀ kì í pẹ́. Èèyàn kò sì gbọdọ̀ gbé e léná kí ẹni tó máa jẹ ẹ́ tó jókòó, nítorí bí ó bá fi lè dúró, ewébẹ̀ á rọ jọ̀bọ̀tọ̀, karọ́ọ̀tì á sì dà bí ohun tí ẹnìkan ti jẹ ṣáájú. Nítorí náà, ohun gbogbo wà ní gígé, ìrẹsì ti jiná, iná ń jó, kò sì sí èèyàn.

Sylvanus fi òróró sínú agbada. Ó gbé e léná, ó gbé e kúrò. Ó lé ewúrẹ́. Ó ṣí àwo orí ẹran wò, ó sì bò ó. Eṣinṣin kan bà lé etí abọ́, ó fi aṣọ ìnuwọ́ lé e yí àgbàlá po títí àwọn obìnrin fi ń pàtẹ́wọ́ fún eṣinṣin. Igi jó tán, ó fi òmíràn sí i. Ìyẹn náà jó tán. Ó jókòó sórí àpótí, kò pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti dìde. Ó rò ó pé bóyá lọ́rì bàjẹ́ lọ́nà. Ó rò ó pé bóyá bàbá Theresa ní kí wọ́n má wulẹ̀ lọ mọ́. Ó rántí ojú Theresa lọ́jọ́ ẹ̀kọ tútù yẹn, bó ṣe di abọ́ náà mú lọ́wọ́ méjèèjì tó ń wá ooru tí kò sí lára rẹ̀. Nígbà náà kò já mọ́ nǹkan kan lójú òun. Láti ọjọ́ tí ilé ti dá páropáro, abọ́ yẹn nìkan ló ń rí.

“Ẹ jókòó, Kúùkù,” ni Àbẹ̀ẹ́bí wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ṣẹ̀sín. “Ẹsẹ̀ yín ti fẹ́ gbẹ́ kòtò sí àgbàlá.”

Agogo ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí lọ́rì Kàsúmù dún. Sylvanus sáré débi ojú ọ̀nà, ó sáré padà nítorí iná, ó tún sáré lọ. Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n bá a.

Bàbá Olúgbádé, bàbá Theresa, ló ṣáájú. Arúgbó tó ga ni, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu rẹ̀, wọn kò sì kojú síra wọn. Sylvanus dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, tòun ti aṣọ ìdáná láyà.

“Dìde, iná rẹ ń jó lásán,” ni bàbá wí. “Ìwọ ni mo wá wò. Wọ́n ní àna mi máa se oúnjẹ. Mo ní n kò ní í jókòó sílé kí wọ́n wá ròyìn rẹ̀ fún mi.”

Theresa wá lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ kúulé.” Ojú rẹ̀ lọ tààrà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí odó wà nínú okùn. Monica nìkan ló fò mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà mọ oúnjẹ sè ni?”

Àwọn obìnrin méje da ẹ̀wà nù.

“Mò ń lọ kó ẹrù lọ́jà,” ni Kàsúmù pariwo láti inú lọ́rì. “Bí ẹ bá ti gbọ́ fèrè mi, odó gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì o!”

Bàbá Olúgbádé fa àga súnmọ́ agbada, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó ń wò. Theresa jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Sylvanus fẹ́ iná títí ó fi ń jó fòò. Òróró gbóná, èéfín tínrín bẹ̀rẹ̀ sí jáde lára rẹ̀. Ó da àlùbọ́sà àti atalẹ̀ sí i, agbada pariwo. Ó da ẹran sí i, ó ń yí i, ó ń yí i, kò jẹ́ kí ọ̀kan jókòó sójú kan. Ẹran funfun. Ó ń pọ́n létí.

Àfi bó ṣe rí àwọn kan láàárín rẹ̀ tí kò funfun. Dúdú díẹ̀, pupa díẹ̀, etí wọn ká sókè.

Iwe.

Gbogbo ẹni tó bá jẹ adìẹ nílé wa ló mọ̀ pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Orí àti ẹsẹ̀, ọmọdé. Ọrùn àti ẹ̀yìn, ìyàwó. Ṣùgbọ́n iwe, ti olórí ilé ni, bí àna bá sì dé, olórí ilé a sún sẹ́yìn fún un. Odindi ni wọ́n ń gbé e ka orí oúnjẹ, kí ojú gbogbo èèyàn lè rí i. Ẹni tí kò bá fún bàbá ìyàwó rẹ̀ ní iwe ti sọ fún un pé kì í ṣe àgbà. Ọ̀pẹ-ń-rìn kì í jẹ ìfun adìẹ, nítorí náà ọdún mọ́kànlá ni Sylvanus ti ń jẹ iwe tirẹ̀ lórí òkè, èyí tó ti jẹ á kún àpò símẹ́ńtì méjì, ó sì tún ń délé jẹ ti ilé. Òun tó mọ iwe tó bẹ́ẹ̀! Ìgbà wo ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́? Nígbà lọ́rì pákó ni àbí nígbà lọ́rì kòkó?

Ó na ṣíbí, ó fẹ́ ṣa wọ́n jọ sétí agbada. Ó rí mẹ́ta. Ẹran yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

“Kí lò ń wá níbẹ̀?” ni Bàbá Olúgbádé bi í.

“Kò sí o, Bàbá. Mò ń tún un tò ni.”

Kò sí àyè. Bí ó bá dúró ṣa iwe, ohun gbogbo á jóná. Ó bu ẹran sókè, ó da karọ́ọ̀tì sí i, ó yí i; ó da kábéèjì àti tàtàṣé sí i, ó yí i; ó dá ẹran padà, ó ju ṣọkọ lé e, iyọ̀, ata díẹ̀, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ka Baba Wa, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe láti fi wọn àkókò.

Òórùn náà gba àgbàlá kan. Mo lè búra pé ẹyẹ dúró lórí òrùlé. Sylvanus bu ti bàbá ìyàwó rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, sórí ìrẹsì, ó wúwo, ó dán. Ó bu ti Monica. Ti Theresa ló kẹ́yìn, ó sì ha gbogbo ohun tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ agbada fún un.

Bàbá Olúgbádé wo abọ́. “Iyán ńkọ́?”

“Odó wà nínú okùn, Bàbá.”

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Theresa wo ilẹ̀. Arúgbó náà mú ṣíbí, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé ojú sókè díẹ̀. Ó tún jẹ. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ọkàn Sylvanus sì ti fẹ́ balẹ̀ kí ṣíbí náà tó dúró.

“Sylvanus.”

“Bàbá.”

“Adìẹ lo ní o pa?”

“Àkùkọ ni, Bàbá.”

“Itan rẹ̀ dà?”

“Ó wà nínú rẹ̀, Bàbá.”

“Apá rẹ̀?”

“Ó wà nínú rẹ̀.”

“Àyà?”

“Ó wà nínú rẹ̀, Bàbá.”

“Gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀, mi ò sì rí ọ̀kankan. Ṣé o gé e ni àbí o lọ̀ ọ́?” Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ṣíbí tú ìrẹsì wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Oúnjẹ rẹ dùn, n kò ní purọ́. Mi ò sì fẹ́ bínú nílé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo ti Ìdóàní wá síbí. Iwe dà?”

Sylvanus wo agbada tó ti ṣófo. Bí ó bá ní òun gé e mọ́ ọn láìmọ̀, wọ́n á ní àna rẹ̀ kò jámọ́ nǹkan lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò mọ ibi tó wà, wọ́n á ní òun ló jẹ ẹ́. Bàbá ti fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ láti dìde.

Nígbà náà ni ohun kan dún lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò dún ju kẹ̀rẹ̀ lọ. Abẹ́ eyín Theresa ni.

Kò sí ẹlòmíràn tó lè mọ ìró yẹn, àfi ẹni tó ti ń jẹ iwe fún ọdún mọ́kànlá. Sylvanus yí ojú sí i. Theresa ti dẹ́kun jíjẹ. Ó wo inú abọ́ rẹ̀, ó rí àwọn dúdú tí etí wọn ká sókè, tí wọ́n wúwo tí wọ́n sì rì sí ìsàlẹ̀ agbada, tí wọ́n sì bọ́ sínú abọ́ ẹni tí wọ́n bù fún kẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Theresa, eyín rẹ̀ kò kan iwe rí. Nílé bàbá rẹ̀, bàbá ló ni ín. Nílé ọkọ, ọkọ ló ni ín. Òun tó ń tu adìẹ níyẹ̀ẹ́, tó ń la iwe, tó ń fọ iyanrìn inú rẹ̀, tó ń bó awọ rẹ̀, kò mọ̀ bó ṣe rí lẹ́nu.

Ó gbé ojú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú ṣíbí agbada lọ́wọ́, eérú kún irun rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, èéfín ló fà á tàbí òmíràn. Theresa tún pa eyín pọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kẹ̀rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó wá òmíràn nínú abọ́, ó jẹ ìyẹn náà.

“Bàbá,” ló wí, “ẹ jókòó. Ẹ ti jẹ ẹ́.”

“Mo ti jẹ kí ni?”

“Iwe. Ẹ ti jẹ ẹ́ tán. Ó gé e wẹ́wẹ́ mọ́ ọn fún yín nítorí eyín yín ni. Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ lọ́dún Kérésì pé iwe tí wọ́n gbé fún yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kó eyín tó kù lọ?”

Bàbá Olúgbádé dúró. Ó fi ahọ́n wá inú ẹnu rẹ̀ yí ká, ojú rẹ̀ sì ń là díẹ̀díẹ̀. “Hẹ̀n-ẹ́n,” ló wí. “Hẹ̀n-ẹ́n! Mo ní ó jọ pé ohun kan ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni.” Ó jókòó padà. Ó jẹ ìyókù, ó sì ń mi orí sí gbogbo ẹnu kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí ojúlùmọ̀.

Fèrè lọ́rì dún. Kàsúmù yọ orí. “Odó dà? Mo ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láàárín iṣu!”

Gbogbo ojú wà lára Theresa. Ó fi ìka nu abọ́, ó lá ìka náà, ó dìde.

“Di iṣu sí àyè rẹ̀,” ló wí. “Bàbá nìkan lò ń gbé.”

Nígbà tí bàbá máa fi wọ lọ́rì, ó ti ń sọ fún gbogbo èrò pé àna òun ló fi ọ̀bẹ òyìnbó wọn iwe mọ́ eyín òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé wọn kò ṣe irú rẹ̀ fún bàbá ìyàwó kankan rí láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdóàní. Ohùn rẹ̀ ṣì ń dún nígbà tí lọ́rì ti yí kọ́nà.

Sylvanus lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn odó. Okùn náà le. Theresa dúró lé e lórí, kò ràn án lọ́wọ́.

“Ìyá Monica…”

“Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Bí ibà bá tún mú mi ńkọ́?”

“Ẹ̀kọ gbígbóná.”

“Ta ló máa pò ó?”

“Èmi.”

“Lójú Àbẹ̀ẹ́bí?”

“Lójú Àbẹ̀ẹ́bí.”

“Àti omi ọbẹ̀ adìẹ?”

“Àti omi ọbẹ̀ adìẹ.”

Theresa wo ojú títì, bíi pé bàbá rẹ̀ ṣì lè gbọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Iwe rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gé e o.”

“Odindi,” ni Sylvanus wí.

Okùn tú. Ó gbé odó padà sí àgbàlá, níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé agbada Àbẹ̀ẹ́bí, ó fi eérú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ níwájú obìnrin méje, tí wọ́n ń sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé fún un. Ọkọ̀ kan dún lójú títì. Ó ń fọ agbada lọ, kò yí ojú wò ó.